Ta Ni Wọ́n Dá Ifá Fún?



"Bàbá, kí ni kí n kọ sórí LinkedIn tí wọ́n á fi pè mí síṣẹ́?" Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ ju ti ìyàwó lọ níwájú ọpọ́n mi. Èmi ò gbani síṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n ẹsẹ Ifá ti ń tọ́jú orúkọ oníṣẹ́ tipẹ́tipẹ́, kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dé.

Ẹ wo bí ẹsẹ ṣe máa ń lọ. Á kọ́kọ́ dárúkọ awo tó dá Ifá. Á sọ ẹni tí wọ́n dá a fún, á sọ ohun tó ń dun onítọ̀hún: ṣé ọmọ ni kò rí bí ni, àbí ọjà ni kò tà. Wọ́n á ka ẹbọ fún un. Bó rú u, a ó gbọ́. Bó kọ̀ tí kò rú u, a ó gbọ́ ìyẹn náà. Nígbà tí nǹkan bá wá dára, ẹni tó dára fún ló ń yin awo, awo ń yin Ifá. Awo kì í yin ara ẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ìṣirò owó fi ohun tó kọ hàn mí. Akíkanjú, olóòótọ́, ọ̀jáfáfá, ó tò ó rẹrẹ. Mo ní, ta lo dá Ifá fún? Ó ya ẹnu. Ìgbà yẹn ló wá rántí ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Íbàdàn, tí kò mọ iye tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́. Ó bá a to ìwé ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìyá sì rí ọ̀pọ̀ nínú gbèsè náà gbà. Mo ní, kọ ìyẹn. Kọ orúkọ ọ̀gá tó kọ́ ẹ níṣẹ́ náà. Kó o sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá kó o tó mẹ́nu kàn án, torí awo kì í tú àṣírí ẹni tó wá dá Ifá.

Ó fẹ́ dìde, ló bá rẹ ohùn sílẹ̀: "Bàbá, ṣé kí n yọ Ifá kúrò nínú orúkọ mi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ifá tí UNESCO kéde gẹ́gẹ́ bí ogún pàtàkì aráyé lọ́dún 2005! Àmọ́ mi ò bú u. Ọ̀pọ̀ bàbá wa ló sọ Ifá di Olú nínú orúkọ wọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wà lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Mi ò sì lè parọ́ fún un pé kò sẹ́ni tó máa tìtorí orúkọ náà fojú fo ìwé ẹ̀ mọ́. Wọ́n ṣì wà. Mo kàn bi í pé: orúkọ wo ló wà lórí ìwé ẹ̀rí ẹ? Orúkọ wo ni ìyá Gbági ń pè ẹ́? Bí wọ́n bá yìn ẹ́ lórúkọ kan, tó o wá ń fi òmíràn wáṣẹ́, ta ni wọ́n yìn?

Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá ti sọ ọ̀rọ̀ tiẹ̀, ọmọ ẹ̀ obìnrin tó wà lórí LinkedIn ló bá a kọ ọ́ síbẹ̀. Iṣẹ́ tó ń wá kò tíì dé. Ẹ bá mi dárúkọ ọmọ awo yìí bí ẹ bá ń bọ Ifá lọ́sẹ̀ yìí.