Owó Tó Há Lójú Ọ̀nà

Ẹni tó bá jókòó tó ń ka ẹ̀rí yìí, kó dìde fún Ọba mi. Ẹni tó bá há sínú dánfó láàárín Mile 2 sí Boundary, kó kàn mi orí, Ọlọ́run yóò gbà á bẹ́ẹ̀. Ohun tí Ó ṣe fún ilé mi kò ṣeé bò mọ́lẹ̀.

Ìyá olóúnjẹ ni mí. Ìrẹsì, ẹ̀wà, dòdò àti pọ̀ǹmọ́ ni mò ń tà ní Wharf, ní Àpápá. Olódì ni mò ń gbé, ní Ajégúnlẹ̀. Àwọn awakọ̀ tírélà àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn, àwọn alábàárù, àwọn ejẹ́ńtì tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù, àwọn ni oníbàárà mi. Gbogbo Èkó ló ń ṣépè nígbà tí ìlà tírélà gùn láti ẹnu pọ́ọ̀tù dé Mile 2 tó tún ń lọ. Ẹ má bínú sí mi, èmi ò bá wọn ṣépè. Ẹni tó bá sun ọkọ̀ lórí ìlà mọ́jú, ṣé kò ní jẹun ni? Ìlà yẹn ló san owó WAEC ọmọ mi obìnrin, òun náà ló rà á níwèé wọ yunifásítì. Nígbà tí àwọn aláṣẹ pọ́ọ̀tù gbé ètò tuntun kan tí wọ́n pè ní “Ètò” jáde lóṣù Kejì ọdún 2021, tí tírélà kì í wá mọ́ àfi tí wọ́n bá pè é lórí fóònù, Èkó yọ̀, ìkòkò mi sì kéré sí i. Ká má parọ́.

Nígbà tí ọdún 2022 ń parí lọ, Ọlọ́run ṣe ohun ńlá. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Lọ́ndọ̀nù gba ọmọ yìí wọlé, wọ́n ní àwọn máa gbé owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi obìnrin tó wà ní Peckham ní yàrá ń bẹ nílé òun. Físà jáde. Mo jó dé ojú títì! Ilé ẹ̀kọ́ ní kó dé kí oṣù Kejì tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àyè rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ó wá ku tíkẹ́ẹ̀tì bàálù nìkan.

Tíkẹ́ẹ̀tì! Ẹ̀yin ará, ẹ bi mí ní tíkẹ́ẹ̀tì!

Iye tí wọ́n pè fún wa láti Ìkẹjà lọ sí Lọ́ndọ̀nù ti kọjá mílíọ̀nù kan dáadáa. Tí ọmọ mi bá wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì lówùúrọ̀, tó bá tún wò ó lálẹ́, ó ti gbéra sókè. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n tó là mí lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn bàálù òkèèrè ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa ní náírà, ṣùgbọ́n wọn ò rí dọ́là gbà láti kó owó wọn relé. Owó náà há sí ilẹ̀ wa títí tí IATA, ẹgbẹ́ wọn lágbàáyé, fi kéde ní àárín ọdún 2023 pé ó ti lé ní 800 mílíọ̀nù dọ́là. Emirates ti kó ẹrù rẹ̀ lọ láti oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Àwọn tó kù bá ti ilẹ̀kùn àga olówó pọ́ọ́kú mọ́ àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà, ó ku èyí tó wọ́n jù. Bàálù kan náà, àga kan náà, ẹni tó ra tiẹ̀ láti òkè òkun lè san ìlàjì ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ará Èkó. Tí o bá sì ní o fẹ́ fi káàdì náírà rẹ rà á lórí ìkànnì ti òkèèrè nígbà náà, ọ̀pọ̀ báǹkì ti dá káàdì yẹn dúró, kò ràjà lẹ́yìn odi mọ́.

Mo ta fíríìsà mi. Mo kó àjọ mi ṣáájú àsìkò. Ìyálájọ ṣàánú mi. Mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. A kó gbogbo rẹ̀ jọ, kò tó.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ owó àtijọ́ sí tuntun ti bá wa. Ẹ̀yin náà rántí oṣù Kejì ọdún 2023! Wọ́n ní igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún kan àtijọ́ di bébà lọ́jọ́ 10, tuntun ò sì sí níta. Àwọn èèyàn ń fi owó ra owó lọ́dọ̀ oní-POS. Awakọ̀ á jẹun tán, á ní, “Ìyá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́ kó lọ o, mò ń bọ̀ lọ́la.” Ọ̀la èwo? Mo ń gbé ìrẹsì relé, mò ń pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò kó má baà kan.

Àsìkò náà ni ẹnìkan fún wa ní nọ́ńbà ọkùnrin kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀dínwó lórí WhatsApp. Ohùn rẹ̀ tutù. Ẹsẹ Bíbélì ló fi ń kí èèyàn láàárọ̀. Iye tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ohun tó wà lọ́wọ́ wa mu rẹ́gí. Ó fi ìwé kan ránṣẹ́: orúkọ ọmọ mi, ọjọ́ ìrìnàjò, aago, àti àmì oní-lẹ́tà mẹ́fà. Ọmọ mi gbé àmì náà lọ sórí ìkànnì ilé iṣẹ́ bàálù fúnra rẹ̀, orúkọ rẹ̀ yọ gànyìngànyìn! Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Ọkùnrin náà ní ká san kí aago mẹ́rin ọ̀sán tó lù, kí àga náà má baà bọ́.

Mo tẹ owó náà lórí fóònù. Ó ń yí. Ó ń yí. Alẹ́ẹ̀tì dún: wọ́n ti yọ ọ́! Gbogbo rẹ̀! Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní òun ò rí nǹkan kan. Aago mẹ́rin kọjá. Kò rí nǹkan kan. Owó ò sí lọ́dọ̀ mi, kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A sáré lọ sí báǹkì ní Àpápá, èrò ti kún ẹnu géètì, àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ti ilẹ̀kùn, ìyá arúgbó kan sùn sórí páálí níbẹ̀. Mo ké. Ọmọ mi ò ké, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Ó kàn jókòó síbi kan, ó ní, “Màámi, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀.” Lóru ọjọ́ náà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, mo ń lù ú: Olúwa, jẹ́ kí owó yìí dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà! Jẹ́ kó wọlé fún un! Mo gégùn-ún fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti fún gbogbo báǹkì tó wà ní Nàìjíríà.

Ilẹ̀ mọ́, a lọ tẹ ìwé náà jáde kí n lè mú un dání lọ sí báǹkì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Boundary tó ń bá àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ ṣe fọ́ọ̀mù JAMB. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wò ó, ó tún un wò. Ó ní, “Màámi, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì dà?” Mo nawọ́ sí lẹ́tà mẹ́fà yẹn. Ó mi orí. Ó ní ìyẹn kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì, àga tí wọ́n kàn bá èèyàn dì mú ni. Wọ́n lè dì í mú láìsan kọ́bọ̀, tí àkókò bá pé, á já fúnra rẹ̀. Ó ní tíkẹ́ẹ̀tì gidi ní nọ́ńbà mẹ́tàlá, mẹ́ta àkọ́kọ́ sì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ bàálù náà, bí àmì ìdánimọ̀ wọn. Ó pe ọ́fíìsì wọn níṣojú mi. Obìnrin tó gbé e ní orúkọ náà wà lóòótọ́, ẹnikẹ́ni ò san nǹkan kan lé e, yóò sì parẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Àṣé ẹnu ọ̀nà olè ni mo dúró sí tí mò ń bẹ Ọlọ́run kó ṣílẹ̀kùn fún mi! Àṣé Ó gbọ́ mi ketekete, Ó kọ̀! Níbẹ̀, láàárín àwọn ọmọ JAMB, mo yí àdúrà padà: Bàbá, má jẹ́ kó débẹ̀ o! Dá a dúró síbi tó wà! Kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí mo ṣépè fún má là o, Jésù!

Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wá bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Owó ṣì wà lójú ọ̀nà, kò sí ẹni tó mọ apá ibi tí yóò bọ́ sí. Ọkùnrin náà ń pè: ó kọ́kọ́ bẹ̀, ó wá ń halẹ̀. Ní báǹkì, wọ́n ní ká kọ̀wé sílẹ̀ ká máa retí. Àwọn kan wà lórí ìlà tí tiwọn ti há tipẹ́. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, àyà mi á là gààrà. Gbèsè wà lọ́rùn mi, oṣù sì ń tán lọ.

Mò ń bu ẹ̀wà fún awakọ̀ kan lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni fóònù dún. N kò lè wò ó. Mo na án sí awakọ̀ náà pé kó bá mi kà á. Ó kà á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: wọ́n ti dá a padà! Gbogbo rẹ̀! Kọ́bọ̀ ò dín! Mo ju ṣíbí nù, mo figbe ta, àwọn kọsitọ́ọ̀mù yọrí wò mí. Ọkùnrin yẹn jẹun lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà, ó tún gbé kúlà omi lọ. Halelúyà!

Ọlọ́run ò dúró síbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin Boundary yẹn bá wa jókòó. Ó ń yí ọjọ́ padà, ó ń wo àárín ọ̀sẹ̀, ó ń wo oríṣiríṣi ìlú tí bàálù ń gbà kọjá. Ó rí ọ̀kan tó pọ́ọ́kú tó gba Yúróòpù kọjá, inú mi ti ń dùn, ó ní rárá: Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń bi pásípọ́ọ̀tù wọn ní físà kí wọ́n tó lè pa bàálù dà ní pápákọ̀ òfuurufú àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà nínú Schengen, wọ́n lè má jẹ́ kó wọkọ̀ rárá. Ó wá ní, “Ẹ jẹ́ ká wo Accra.” Ìkẹjà là ń wò, ẹ̀yìn ẹnubodè Ṣẹ̀mẹ̀ ni ìdáhùn wà! Láti Accra sí Lọ́ndọ̀nù, owó náà ò tó ìlàjì ti Èkó. Ta ló wá sún mọ́ Accra ju ará Ajégúnlẹ̀ lọ? Mile 2 rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, níbi tí ọkọ̀ Kútọnu ti ń gbéra.

Àbúrò ọkọ mi ra tíkẹ́ẹ̀tì náà ní Peckham pẹ̀lú káàdì tirẹ̀, ní pọ́n-ùn. Bó ṣe jẹ́ pé ó ń kọ́lé sí Ìkòròdú, ó ní kí n máa san náírà náà fún bíríkìlà òun díẹ̀díẹ̀. A ò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là rárá! Nígbà tí ìwé náà dé, gbogbo wa yí fóònù ká, a ka nọ́ńbà náà sókè títí ó fi pé mẹ́tàlá. Ọmọ mi pe ilé iṣẹ́ bàálù, wọ́n ní ó ti dájú. Ìgbà yẹn ló tó sunkún.

Ìjì kan ṣì kù. Ìjọba kéde pé wọ́n máa ti ẹnubodè nítorí ìbò ààrẹ, lọ́jọ́ 25 oṣù náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sin ọmọ náà, wọ́n gbéra ní Mile 2 kí wọ́n tó tì í: Badagry, Ṣẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lọ́mẹ̀, Aflao. Ibi tí wọ́n ti dá wọn dúró lọ́nà, ẹ má bi mí. Fóònù wọn ò lọ mọ́. Mi ò sùn. Ọjọ́ ìbò, mo wà lórí ìlà nínú oòrùn Olódì, fóònù lọ́wọ́ kan, káàdì ìbò lọ́wọ́ kejì, ni ohùn rẹ̀ dé: “Màámi, mo wà ní Accra. Alẹ́ yìí ni mò ń lọ.” Àwọn tó wà lórí ìlà rò pé ẹgbẹ́ òṣèlú mi ló wọlé!

Ó dé Lọ́ndọ̀nù kí oṣù tó tán. Ó kẹ́kọ̀ọ́ yege. Ó ń ṣiṣẹ́.

Ìwọ tí ò ń wá tíkẹ́ẹ̀tì lónìí, Ọlọ́run mú nǹkan rọ̀ díẹ̀ lọ́dún 2024. Nígbà tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó lọ sí pápákọ̀ Gatwick ní Lọ́ndọ̀nù lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2024, pẹ̀lú 1.2 mílíọ̀nù náírà fún àlọ àti àbọ̀, a rí i bí àwọn bàálù òkèèrè náà ṣe sọ owó tiwọn kalẹ̀ wìtìwìtì. Emirates náà padà wá lóṣù Kẹwàá ọdún yẹn. Máa wá a, má sọ̀rètí nù! Má pe àga tí wọ́n kàn dì mú ní tíkẹ́ẹ̀tì títí o fi rí nọ́ńbà mẹ́tàlá yẹn. Tí owó rẹ bá sì há lójú ọ̀nà, tí o ń sunkún bí mo ṣe sunkún, gbé ojú sókè, Ẹni tó dá tèmi dúró mọ ibi tí tìrẹ wà!

Èmi àti ilé mi máa ṣe ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, ní Olódì. Ìrẹsì á pọ̀, màlúù á wà nínú ọbẹ̀, gbèsè ẹgbẹ́ ti tán, bíríkìlà Ìkòròdú pàápàá ti sọ pé òun ń bọ̀. Ẹ wá bá mi jó, ẹ wá bá mi gbé Jésù ga! Halelúyà!