Ta Ló Ń Yan Àdúgbò?

Bí ẹnì kan bá ń gbé àdúgbò tí kò dára l'Ékòó, ẹ ó gbọ́: "Kí ló ń dúró ṣe níbẹ̀?" Maroko ńkọ́? Omi ń ya wọlé, òótọ́ ni, àmọ́ iṣẹ́ wà nítòsí, ní Victoria Island. Nígbà tí ìjọba ológun wó o palẹ̀ ní July 1990, ọ̀pọ̀ di aláìnílé. Ẹ wo Agbabu l'Odigbo náà: ọ̀dà ń sun jáde láti inú ilẹ̀, ṣùgbọ́n ará ibẹ̀ kò kó lọ. Ta ni yóò bá wọn gbé odò àti oko wọn? Èmi ò rí ẹ̀bi wọn. Ẹni tí owó rẹ̀ ká àdúgbò mẹ́ta, tó yan èyí tó wù ú, tó tún ń bú ẹni tí ò rí méjì yàn, òun gan-an ni kó wí tẹnu rẹ̀.