Ohùn Inú Etí: Ta Ló Yẹ Kó Mú Wa Rìn Ní Àgbádárìgì?

Ní Róòmù, ní Athens, ní ọ̀pọ̀ ìlú àtijọ́ tó wà lágbègbè òkun Mẹditaréníà, àlejò lè rìn ìlú já láì bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Á gba ohùn kan sórí fóònù, á ki íápíìsì bọ etí, ohùn náà á máa darí rẹ̀: yà sọ́wọ́ òsì, dúró díẹ̀, gbójú sókè, ibi tí wọ́n ti ń dájọ́ láyé àtijọ́ nìyẹn. Tó bá sú u, á pa á. Tí ebi bá dé, á lọ jẹun, ohùn náà á dúró dè é. Kò sẹ́ni tó máa kán an lójú, kò sẹ́ni tó máa tẹ́wọ́ gbowó lẹ́yìn ìrìn. Ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́, ó wù wá.

Ó wu àwa mẹ́rin débi tá a fi ní ká ṣe irú ẹ̀ fún Àgbádárìgì. A ò fẹ́ tà á. A kàn fẹ́ máa fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sáwọn ọ̀rẹ́ wa tó ti ń sọ pé àwọn máa lọ sí Àgbádárìgì tí ìjọba bá ti ṣe ọ̀nà yẹn tán. (Ọdún 2009 ni iṣẹ́ fífẹ ọ̀nà yẹn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wa ti dàgbà tó ẹni tó ń wọ ilé ìwé girama.) Ká kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí ẹni tí ohùn rẹ̀ dáa jù nínú wa kà á, ká gé e sí wẹ́wẹ́, ibùdó kan, ohùn kan. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló dá wa dúró. Ìbéèrè kan ni: irú ìtàn tó wà ní Àgbádárìgì yìí, ṣé ohùn tí èèyàn ò lè bi ní nǹkan kan ló yẹ kó máa gbé e kiri?

Ibùdó àkọ́kọ́ ò yọ wá lẹ́nu. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí gbogbo ayé ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà ní Marina, létí ọ̀sà. Àwọn míṣọ́nnárì CMS ló kọ́ ọ. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, wọ́n parí rẹ̀ ní 1845. Samuel Ajayi Crowther wà lára àwọn tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1845 yẹn, tí wọ́n sì há síbẹ̀ bí ọdún kan àbọ̀ kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó là fún wọn. Ọmọ Òṣogùn ni. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dénú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Ní 1837, ó jókòó, ó kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sínú lẹ́tà, látòkèdélẹ̀. Ẹ fi lẹ́tà yẹn sọ́kàn.

Ibi igi Àgíà, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìhìnrere ní 1842, kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Igi náà wó ní 1959, ohun ìrántí ló kù níbẹ̀. Ohùn wa sọ bẹ́ẹ̀, ó sì kọjá.

Ọjà Vlekete ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Ọjà tí wọ́n ti ń ta èèyàn ni. Tẹ́ ẹ bá wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 1502 lẹ máa rí níbi púpọ̀, pé ọdún náà ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn tó ti tú àkọsílẹ̀ àwọn oníṣòwò òyìnbó wò ní tiwọn sọ pé ẹ̀yìn ìgbà tí Dahomey gba Ouidah ní 1727 ni Àgbádárìgì tó di èbúté òwò ẹrú, láwọn ọdún 1730. Ó lé ní igba ọdún tó wà láàárín méjèèjì. Èwo la máa kà sínú ẹ̀rọ?

Ẹnì kan nínú wa ní ká ka méjèèjì, a sì ka méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Tí afinimọ̀nà bá sọ fún yín lójúkojú pé 1502 ni, ẹ lè sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ti rí i?" Ó lè ní ohun tí àwọn bàbá àwọn sọ nìyẹn. Ó lè rẹ́rìn-ín. Inú lè bí i, kó ní ẹ̀yin ọmọ yunifásítì yìí, ìwé ti dà yín lórí rú. Èyíkéyìí tó bá ṣe, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ ti rí ojú ẹni tó ń sọ ọ́. Àwọn àgbà ò kúkú ní etí lọ̀rọ̀ wà, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

A mọ̀ pé àwọn afinimọ̀nà máa ń bù mọ́ ọn. A ti bá oríṣiríṣi wọn rìn, iye èèyàn tí kálukú ní ó gba ibẹ̀ kọjá ò bára mu rárá. Kì í ṣe Àgbádárìgì nìkan. Ní erékùṣù Gorée ní Senegal, Boubacar Joseph Ndiaye ló fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú Ilé Ẹrú, tó ń sọ fáwọn àlejò pé ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló gba ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀. Láwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ ìtàn dìde, wọ́n ní iye yẹn ti pọ̀ jù, wọ́n sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Síbẹ̀, ohun tó fà wá mọ́ra nínú ìtàn bàbá yẹn ni pé ó dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá a jiyàn mọ ibi tó ti máa bá a. Ohùn inú etí ò ní ilé. Ó lè pé ju afinimọ̀nà lọ, ó lè má ṣì ọdún kan ṣoṣo, àmọ́ tó bá sọ ohun tó dùn yín, kò sí ẹni tẹ́ ẹ máa wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le jù ni àgbàlá Seriki Faremi Williams Abass.

Ọmọ ilẹ̀ Yorùbá lọkùnrin yìí, láti Ìjòga, lápá ibi tó di ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí. Wọ́n kó o lẹ́rú nígbà tó wà lọ́mọdé, ó dé Brazil, ó padà wálé. Nígbà tó dé, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta èèyàn. Ilé tí wọ́n ń kó wọn sí kí ọkọ̀ tó dé wà níbẹ̀ dòní. Yàrá 40 ni wọ́n ní ó wà níbẹ̀ láyé ìgbà náà, kí èèyàn 40 máa wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú fèrèsé kékeré kan. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ ni pé agboòrùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi gba 40 èèyàn. Abass kú ní 1919, ìdílé rẹ̀ ló sì ń tọ́jú ibẹ̀ tí wọ́n ń mú àlejò wọlé. Bákan náà ló rí nílé Mobee, níbi tí ẹ ti máa rí ẹ̀wọ̀n àti ṣẹkẹṣẹkẹ. Ẹ wò wọ́n dáadáa, àwọn kan kéré níbẹ̀. Ọmọdé ni wọ́n rọ wọ́n fún.

Gbólóhùn kan ṣoṣo la fẹ́ kọ nípa Abass, ẹ̀ẹ̀mẹrin la kọ ọ́. Àkọ́kọ́ pè é ní oníṣòwò, ó dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ aláṣọ òkè. Ìkejì pè é ní ọ̀daràn, ó wá dà bí ẹni pé a ò gbọ́ pé wọ́n ti ta òun náà rí. Ìkẹta ní ayé ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. A pa ìyẹn rẹ́ lójú ẹsẹ̀, torí kì í ṣe ayé ló ti ilẹ̀kùn yàrá 40. Nígbà tó ku ìkẹrin ni ọ̀kan nínú wa ní: ẹ dúró ná. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló máa gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́ wa. Ohun tí a ò lè wí lójú rẹ̀, ṣé ó tọ́ ká máa wí i sétí àlejò rẹ̀, nínú àgbàlá rẹ̀? Ìyẹn ò ha dà bí òfófó?

Ó wọ̀ wá lára. Ká má tíì mí dáadáa, ẹnì kejì dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ ò sì tíì tán nílẹ̀ títí di bá a ṣe ń kọ èyí. Ó ní gbogbo ìgbà ni ọmọ ẹni tó tà máa ń wà nílé. Ọmọ ẹni tí wọ́n tà, ibo ló wà? Ó wà ní Bahia, ó wà ní Havana, kò tiẹ̀ mọ orúkọ àgbàlá yìí. Tó bá jẹ́ pé ojú ẹni tó jókòó sílé nìkan la máa wò ká tó sọ̀rọ̀, ta ló máa sọ ti ẹni tí kò sí ńlé? Ó ní ohùn inú etí dáa níbẹ̀ gan-an, torí kò jẹ oúnjẹ ẹnikẹ́ni nínú àgbàlá yẹn.

Ẹ ò rí nǹkan bí? Ohun tá à ń bá ohùn náà jà sí, pé kò ní ojú, pé kò mọ ìtìjú, òun gan-an ni ẹnì kejì yìí fẹ́ràn lára rẹ̀. Òótọ́ sì wà níbẹ̀. Ìtìjú máa ń jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀ dáadáa, ó sì máa ń jẹ́ kó gbé òótọ́ mì. Gbogbo wa la ti jókòó síbi ìsìnkú rí, tá a gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ki òkú tí gbogbo àdúgbò mọ ìwà rẹ̀.

Ohun tá a ṣe níkẹyìn nìyí. A ò gba ìtàn kankan sílẹ̀ fún àgbàlá yẹn. Ohùn wa ní ibẹ̀ ò pé ìṣẹ́jú kan. Ó ní: yọ íápíìsì, san owó ìwọlé, wọlé, kó o sì bèèrè nǹkan mẹ́ta. Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ tiwọn nínú ilé? Ǹjẹ́ ẹnì kankan láti òdìkejì òkun ti wá rí tó sọ pé ibí ni wọ́n ti kó bàbá òun lọ? Kí ni wọ́n sọ fún un? Ẹnì kejì wa ní ẹ̀rù ló bà wá, pé ẹrù tiwa la sọ lé àlejò lórí. Ó ṣeé ṣe. Lójú àwa mẹ́ta tó kù, ìbéèrè tí afinimọ̀nà gbọ́dọ̀ dáhùn pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀ wúwo ju ìdájọ́ tá a kà látinú yàrá wa ní Fẹ́sítáàkì lọ. Owó náà sì tún wà níbẹ̀: tí gbogbo èèyàn bá ń fi etí rìn lọ́fẹ̀ẹ́, ta ló máa tún òrùlé ilé yẹn ṣe?

Ẹ jẹ́ ká tún fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ èdè, torí ó pa wá lẹ́rìn-ín, ó sì tún dùn wá díẹ̀. Inú wa ti ń dùn pé Yorùbá la fi ṣe tiwa, a ò fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é. Ìgbà tá a gbé e fún màmá kan tó ń ta àgbọn nítòsí èbúté gbọ́, ó gbọ́ ọ tán, ó ní ó dáa o, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun, ti àwa Ògù ńkọ́? Àwọn tí Yorùbá ń pè ní Ègùn ló ni ìlú yẹn. A ti ń retí ẹni tó máa kà á ní èdè wọn. Títí di ìgbà yẹn, àlejò tó ń ròyìn ilé onílé ni wá.

Ìyókù ni Gbẹrẹfù, erékùṣù tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Ẹ máa wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá, ẹ máa wá rìn nínú iyanrìn lábẹ́ igi àgbọn títí ẹ fi dé etí òkun, ibi tí wọ́n ń pè ní ibi àìlèpadà. Lójú ọ̀nà ni kànga kan wà. Wọ́n ní wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ouidah náà ní irú ẹ̀, igi ni tiwọn: wọ́n ní ọkùnrin á yí i ká lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀meje, kí ìrántí lè kúrò lára wọn.

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Ẹ rántí lẹ́tà Crowther. Èèyàn tí wọ́n tà láti ọwọ́ dé ọwọ́, ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn náà, ó rántí gbogbo rẹ̀. Àwọn tí ọkọ̀ gbé dé òdìkejì láti gbogbo etí òkun wa yìí, láti Èkó àti Ouidah náà, títí dòní ni wọ́n ṣì ń kọrin fún Ṣàngó àti Yemọja ní Cuba àti Brazil, nínú èdè tí etí Yorùbá ṣì lè dá mọ̀. Wọn ò gbàgbé. Àwa tá a wà nílé la lè dé yunifásítì láì mọ̀ pé àwọn èèyàn wa náà wà lára àwọn tó tà. Ó máa ń ṣe wá bíi pé ẹ̀yìn ìgbà tí ọkọ̀ ti lọ tán ni wọ́n wá fa omi kànga yẹn, tí wọ́n gbé e wá fún àwọn tó kù láàárín ìlú.

A sọ ìyẹn nídìí kànga. Lẹ́yìn rẹ̀, a fi iyanrìn yẹn sílẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Bí ogún ìṣẹ́jú ni, kò sí ohùn, kò sí orin, ẹsẹ̀ ẹni nìkan lèèyàn máa gbọ́, títí òkun á fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó lókèèrè. Ọ̀rẹ́ wa tó kọ́kọ́ rìn ín fi ohùn ránṣẹ́ sí wa látibẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lé e lórí. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ohùn yín ti gé o!" A ní kò gé, kó máa rìn lọ.