Ta Ni À Ń Gbààwẹ̀ Fún?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí ń dùn wá, nítorí pé ọwọ́ wa kò mọ́ nínú rẹ̀.

Arákùnrin kan wà láàárín wa, ọmọ ọdún 19. Ó ń rù, ó ń tọ̀ ṣáá, òùngbẹ kò jẹ́ kó sùn. Nígbà tí ó ku bí oṣù méjì kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, dókítà sọ fún un pé àtọ̀gbẹ ni. Wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ insulin, àti bí yóò ṣe máa fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka wo ìwọ̀n ṣúgà ara rẹ̀. Ràmàdáànù dé, ó bá wa gbààwẹ̀. A yìn ín. A ní ìmáànì rẹ̀ le ju tiwa lọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn ìrun Alásárì, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò já gaara mọ́. Ẹnì kan nínú wa ní kí ó ṣe sùúrù, ó ní ìṣínu kò jìnnà mọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló sáré po ṣúgà sínú omi, tí ó dúró tì í títí ó fi mu ún. Ọmọ yìí kò tíì pé ọdún 14, òun ló sì mọ ohun tí gbogbo wa kò mọ̀.

Insulin ló ń jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara, kí ara lè fi ṣiṣẹ́. Ara ẹni tó ní irú àtọ̀gbẹ yìí kò ṣe é mọ́. Kí wọ́n tó kọ́kọ́ gún un fún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní ìlú Toronto ní oṣù kìíní ọdún 1922, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kú. Nítorí náà arákùnrin wa kò lè torí ààwẹ̀ pa abẹ́rẹ́ tì. Bí ó bá sì gún un bí ó ti ń gún un tẹ́lẹ̀ tí kò jẹun, abẹ́rẹ́ kò mọ̀ pé ààwẹ̀ ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò máa ṣe. Àwọn dókítà ní bí ṣúgà bá wálẹ̀ ju 70 mg/dl lọ, tàbí tó ga ju 300 lọ, kí aláàwẹ̀ ṣínu lójú ẹsẹ̀, ìbáà ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí oòrùn wọ̀.

Àwọn kan yóò ní ìyà inú ààwẹ̀ ni láádá rẹ̀. A kò jiyàn pé ebi ń kọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n Ọba tó pa ààwẹ̀ láṣẹ ló yọ̀ǹda aláìsàn nínú Súúrátùl Bàkárà, áyà 184 àti 185, tí bíbọ́ tálákà sì wà fún ẹni tí kò lágbára rẹ̀. Bí ọba bá gbé àga fún àlejò, tí àlejò ní ilẹ̀ lòun yóò jókòó sí, ṣé ọ̀wọ̀ ni ó fi fún ọba, àbí àwọn tó ń wò ó ni ó ń ṣe é fún?

Ibi tó ti kàn wá nìyí. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó sọ pé inú ilé ìyàgbẹ́ ni òun ti ń gún ìka, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ẹ̀jẹ̀ ti ba ààwẹ̀ òun jẹ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ tó pàdé ní Jiddah lọ́dún 1997 ti ní ẹ̀jẹ̀ tí a gbà fún àyẹ̀wò kò ba ààwẹ̀ jẹ́, abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ tí kì í ṣe oúnjẹ náà kò bà á jẹ́. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Ìyìn nìkan ni a fún un, ìyìn náà ló sì dè é lẹ́nu. (Insulin rẹ̀ gan-an, inú ọ̀rá nínú ìkòkò amọ̀ ni ó ń fi í sí nítorí iná tí kì í dúró. A rò pé omi mímu ló wà níbẹ̀.)

Kì í ṣe gbogbo alátọ̀gbẹ ni kò lè gbààwẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí oògùn oníhóró ni wọ́n ń lò, tí dókítà ń gbà láyè. Dókítà rẹ̀ kò gbà á láyè, òun náà kò sì bi í.

Ní Ràmàdáànù tó ń bọ̀, ó ti gbà láti máa jẹ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ nínú yàrá ẹgbẹ́, kì í ṣe ní kọ̀rọ̀, kí ó sì máa bá wa pín oúnjẹ ìṣínu fún àwọn aláìní. Àwọn kan nínú wa kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní àwọn ọmọdé yóò rí i. A ṣì ń bá wọn sọ ọ́.