Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ ojú omi asáré ló ń gbàgbé òwe yìí bí wọ́n bá dé ìsọ̀ pùròpẹ́là: èyí tí píìṣì rẹ̀ ga jù lọ ni wọ́n ń nawọ́ sí. Píìṣì ni iye íǹṣì tí pùròpẹ́là ìbá fi sún síwájú bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ká ní omi kì í yọ̀. Lórí ìwé, 23 yóò sáré ju 21 lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yí i?

Ká ní àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì sọ pé, ní òpin agbára rẹ̀, kó máa yí ní 5,400 sí 6,000 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá ju 5,200 lọ, ẹrù ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn nìyẹn: yóò máa mí hẹlẹ, eré ò ní yá, epo yóò sì máa ṣòfò. Ẹ dín píìṣì kù ní íǹṣì méjì, yóò fi nǹkan bí 300 sí 400 gòkè. Bí ó bá ń fò kọjá 6,000, píìṣì ló kéré. Ẹ fi kún un.

Pùròpẹ́là irin tí kì í dípẹtà wọ́n ju ti alumíníọ̀mù lọ, àmọ́ abẹ rẹ̀ kì í tètè tẹ̀ nínú eré. Owó yẹn tọ́ sí i, lójú tèmi. Ẹ má sì dán an wò ní ọkọ̀ òfìfo. Ẹ rọ epo kún, kí àwọn tí ẹ máa ń gbé jókòó, kí ẹ tó wo aago tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí.