Èpò tó Bá Irúgbìn Rere Wọ̀lú

Ní nǹkan bí ọdún 1937 ni wọ́n kó irúgbìn igi mẹlínà wọ Nàìjíríà láti Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí. Igi fún igbó ọba ni, kò sì sí aburú nínú rẹ̀. Àmọ́ wọn ò ṣà á dáadáa. Hóró èpò kan tó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti dà mọ́ ọn. Hóró náà fúyẹ́, ó nírun, afẹ́fẹ́ ń gbé e, ó sì ń lẹ̀ mọ́ aṣọ.

Kí wọ́n tó fura, ó ti gba ẹ̀bá ọ̀nà, ó gba ilẹ̀ tí àgbẹ̀ fi sílẹ̀ kó sinmi. Àwa ń pè é ní Akíntọ́lá. Àwọn ará Gánà fi orúkọ olórí ìjọba ológun wọn, Acheampong, pè é. (Kò sí olóṣèlú tó máa tọrọ irú oyè bẹ́ẹ̀.) Lóòótọ́ la máa ń fún omi ewé rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń ro oko ẹ̀gẹ́ bóyá ìyẹn tó gba-má-bínú.

Ìtàn yìí kan ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́ sínú àpò àti bọ́kẹ́ẹ̀tì fífọ́ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó l'Ékòó. Tẹ̀tẹ̀ á gbó, á so. Wọ́n á fà á tu, wọ́n á kó o mọ́ èèpo iṣu sínú òkìtì ajílẹ̀, pé gbogbo rẹ̀ á jẹrà. Ewé á jẹrà, igi rẹ̀ náà á jẹrà. Hóró ńkọ́? Ìdí tẹ̀tẹ̀ kan ṣoṣo lè so ju 100,000 lọ. Ooru ló ń pa á: inú òkìtì gbọ́dọ̀ gbóná dé nǹkan bí 55°C fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí a sì máa rò ó kí ti ẹ̀gbẹ́ lè bọ́ sáàárín. Òkìtì tí kò tó mítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga kì í sábà mú ooru bẹ́ẹ̀ dúró. Àgbàlá Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó wo ló fẹ̀ tó yẹn?

Ẹ má sì sọ pé tó bá pẹ́, hóró á kú. Lọ́dún 1879, onímọ̀ nípa ewéko kan, William Beal, ri ìgò 20 tí hóró èpò wà nínú wọn mọ́lẹ̀ ní Michigan. Wọ́n hú ọ̀kan lọ́dún 2021, àwọn kan sì hù nínú rẹ̀.

Èpò tí kò tíì tanná, ẹ kó o sí òkìtì. Èyí tó ti so, ẹ gé orí rẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ dì í pa, kí àwọn PSP tó ń kó pàǹtí kó o lọ. Ajílẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ ńkọ́? Ẹ bu díẹ̀ sínú abọ́, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ gbé e síbi tí oòrùn ń dé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wo ohun tó máa hù kí ẹ tó dà á sínú àpò ẹ̀fọ́.