Ta Ló Dá Iná Náà?

Bí òtútù bá ti ń mú ní gúúsù ìpínlẹ̀ Gujarat, ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, àwọn tó ń ta umbadiyu á bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ sí ẹ̀bá òpópónà tó gba agbègbè Valsad kọjá. Ìkòkò amọ̀, ewé àti ilẹ̀ gbalasa tí wọ́n lè dáná sí ti tó wọn. Wọ́n á fi ewé tútù tẹ́ inú ìkòkò, wọ́n á kó ẹ̀wà tútù tòun ti èèpo rẹ̀ sí i, pẹ̀lú ọ̀dùnkún, pòtétò àti iṣu kan tí inú rẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò. Ata tútù, ata ilẹ̀, aáyù àti iyọ̀ ni wọ́n ń gún láti fi ra gbogbo rẹ̀ lára. Wọ́n á wá fi ewé dí ẹnu ìkòkò pinpin, wọ́n á dojú rẹ̀ dé, wọ́n á kó ewé gbígbẹ, igi wẹ́wẹ́ àti bọ́tọ màlúù bò ó, wọ́n á sì ṣáná sí i. Kò sí epo, kò sí omi. Omi ara ẹ̀fọ́ àti ti ewé ló ń sè é.

Ọmọ Yorùbá tó bá wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tú ìkòkò náà yóò rí ojúlùmọ̀ kan nínú rẹ̀. Ewùrà ni iṣu elésè àlùkò yẹn. Ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá kí àwọn Ìjẹ̀bú tó bẹ̀rẹ̀ sí í rin ín fi se ìkọ́kọrẹ́.

Oúnjẹ tí kò ní ẹran, tí kò ní ẹyin, tí ẹ̀jẹ̀ kan kò ta sí. Bí oúnjẹ kan bá wà láyé tí ènìyàn lè jẹ kí ọkàn rẹ̀ má dá a lẹ́bi, ó yẹ kó jẹ́ irú èyí.

Síbẹ̀, ní Gujarat kan náà, àwọn kan wà tí wọn kò jẹ́ fọwọ́ kan ìkòkò yẹn. Ẹlẹ́sìn Jain ni wọ́n. Ètò ìkànìyàn ọdún 2011 fi hàn pé wọ́n lé ní mílíọ̀nù 4.4 ní Íńdíà, Gujarat sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n pọ̀ sí jù. Òfin tó ga jù lọ́dọ̀ wọn ni pé kí ènìyàn má ṣe pa ohun ẹlẹ́mìí lára, ohun ẹlẹ́mìí lójú wọn kò sì mọ sórí ènìyàn àti ẹranko. Ẹ̀mí wà nínú ilẹ̀, ó wà nínú omi, ó wà nínú afẹ́fẹ́ àti ewéko. Iná pàápàá ní ẹ̀mí. Ācārāṅga, ọ̀kan nínú àwọn ìwé mímọ́ wọn tó pẹ́ jù lọ, fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pàápàá to àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí sílẹ̀, ó sì kìlọ̀ nípa ìpalára tí à ń ṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ohun inú ìkòkò ni ẹjọ́ àkọ́kọ́. Pòtétò, ọ̀dùnkún, ewùrà, aáyù, ata ilẹ̀ tútù: inú ilẹ̀ ni a ti ń wú gbogbo wọn. Jain gbà pé ẹ̀mí àìníye ló ń gbé pọ̀ nínú ara kan ṣoṣo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ nínú èso tí a já lórí igi. Ẹni tó bá sì wú u ti pa odindi ewéko, ó tún ti tú ilé àwọn kòkòrò abẹ́ ilẹ̀ ká. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí kò tíì pọ́n dípò iṣu àti pòtétò nígbà tí wọ́n bá ń se undhiyu, ìbátan umbadiyu tí àwọn ará Surat ń fi epo sè nínú ilé.

Àgbẹ̀ oníṣu lè jiyàn díẹ̀ níbí. Lórí iṣu funfun, ẹni tó bá mọṣẹ́ a máa kórè lẹ́ẹ̀mejì. Yóò rọra tú ẹ̀gbẹ́ ebè, yóò gé iṣu àkọ́kọ́ kúrò, yóò sì da ilẹ̀ bo gbòǹgbò padà. Iṣu náà kò kú. Yóò tún ta, èyí tó bá sì ta lẹ́yìn ni àgbẹ̀ yóò fi ṣe ẹ̀bù ọdún tó ń bọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó wa iṣu ló pa á.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ iná le ju ẹjọ́ iṣu lọ. Ìtàn kan wà nínú Bhagavatī Sūtra, ìwé mímọ́ àwọn Śvetāmbara, ọ̀kan nínú ẹ̀ka ńlá méjì ẹ̀sìn Jain, nípa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kālodāyī, tó gbé ìbéèrè tọ Mahāvīra, olùkọ́ ńlá ẹ̀sìn náà, lọ. Ẹni méjì ló wà nídìí iná. Ọ̀kan dá a, èkejì pa á. Ẹ̀ṣẹ̀ ta ló wúwo jù? Ìbéèrè náà ní ọgbọ́n àrékérekè nínú, torí bí iná bá jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí, ẹni tó pa á ló jọ pé ó pa ẹ̀dá. Mahāvīra ní rárá, ẹni tó dá a ni. Ẹni tó pa iná pa ọ̀pọ̀ ẹ̀dá iná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó dá a ti kó bá ẹ̀dá ilẹ̀, ẹ̀dá omi, ẹ̀dá afẹ́fẹ́, ewéko àti gbogbo ohun tó ń rìn.

Kò dìgbà tí ènìyàn bá gbà pé iná ní ẹ̀mí kó tó rí òótọ́ inú èsì yìí. Kí ó sáà wo ohun tí wọ́n kó bo ìkòkò Valsad. Èèrà ń bẹ nínú ewé gbígbẹ, ikán ń bẹ nínú igi wẹ́wẹ́, yímíyímí ń bẹ nínú bọ́tọ. Ojú kan náà ni ààrò inú ilé ti ń jó lójoojúmọ́, kò sí ohun tí yóò kọ́lé sídìí rẹ̀. Iná gbangba ló máa ń ká àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ mọ́lé. Bí ilẹ̀ bá tún ti ṣú, ọ̀rọ̀ burú sí i, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń fa kòkòrò wá; ó wà lára ìdí tí ọ̀pọ̀ Jain kì í fi í jẹun lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Òwò 15 ni àwọn ìwé ìlànà wọn sì kà léèwọ̀ fún onílé. Èédú sísun wà lára wọn, iná sísọ sígbó náà sì wà lára wọn.

Àwọn tó ti fi ayé sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn náà kò tilẹ̀ gbọdọ̀ dáná rárá. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, nítorí wọn kò gbọdọ̀ jẹ ohun tútù tí ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀, omi tí wọ́n ń mu sì gbọ́dọ̀ jẹ́ omi tí a ti sè. Iná kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, kìkì pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló ń dá a. Àwọn Śvetāmbara a máa gbé àwo láti ilé dé ilé. Àwọn Digambara, ẹ̀ka kejì, a máa jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, lóòró, nínú àtẹ́lẹwọ́ wọn. Bí wọ́n bá mọ̀ pé nítorí tiwọn ni wọ́n ṣe se oúnjẹ náà, wọn kò ní gbà á. Díẹ̀ nínú ohun tí onílé sè fún ìdílé rẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́.

Ó fẹ́ jọ ọ̀rọ̀ ẹni tí kì í pa adìẹ, àmọ́ tó ń jẹ itan. Ìyá ilé tó mọ̀ pé àwọn ẹni mímọ́ ń gba àdúgbò rẹ̀ kọjá láràárọ̀, ṣé kò ní bu ìrẹsì díẹ̀ kún ti àná ni? Àwọn Śvetāmbara ní èsì: díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbà nínú ilé púpọ̀, kí ìkòkò ẹnikẹ́ni má baà tóbi sí i. Èsì náà bọ́gbọ́n mu. Ó dín iye iná kù, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó ń ru ẹrù èyí tó ṣẹ́ kù, àfi onílé.

Òfin àwọn Júù gba ibòmíràn yọ. Àwọn oúnjẹ kan wà tí Júù olùfọkànsìn kì í jẹ bí kì í bá ṣe Júù ló sè é. Yosef Karo, tí ìwé òfin rẹ̀ jáde ní Venice ní 1565, ní ó di dandan kí Júù gbé ìkòkò ka iná fúnra rẹ̀. Moses Isserles ti ìlú Kraków, tó kú ní 1572, rọ̀ ọ́ lójú: bí Júù bá dá iná náà, tàbí tó kàn ju ègé igi kan sí i, ó ti lọ́wọ́ nínú sísè. Ohun tí Jain ń sá fún ni Isserles ní kí wọ́n ṣe. Àmọ́ ẹnu wọn kò lórí kókó kan: ẹni tó dáná kì í ṣe òǹwòran nídìí oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ náà tún jìn ju ìwé mímọ́ lọ. Nínú ihò àpáta Border Cave, lórí òkè Lebombo ní KwaZulu-Natal, Lyn Wadley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí gbòǹgbò ewéko Hypoxis 55 tí iná ti sọ di èédú ní nǹkan bí ọdún 170,000 sẹ́yìn. Ìwé ìròyìn Science gbé e jáde ní 2020. Àwọn tó wà á kò jẹ ẹ́ tán nínú pápá. Wọ́n gbé e wá sínú ihò, àwọn onímọ̀ náà sì rí i gẹ́gẹ́ bí àmì pé wọ́n ń pín in jẹ. Richard Wrangham ti Harvard ti sọ ní 2009 pé oúnjẹ jíjinná ló jẹ́ kí eyín àti ìfun ènìyàn kéré, kí ọpọlọ rẹ̀ sì tóbi. Àwọn onímọ̀ kan ń bá a jiyàn lórí àkókò tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jàre, a jẹ́ pé ọpọlọ tó ń béèrè bóyá iná dára tàbí kò dára, iná ló kọ́ ọ. Jain kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn: òun náà ti gbà tipẹ́ pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè wà nínú ara kó má pa nǹkan lára.

Lónìí, àríyànjiyàn náà ti dé orí iná mànàmáná. Àwọn Terapanth, ẹ̀ka kan lára Śvetāmbara, gbà pé kò ní ẹ̀mí, àwọn aṣáájú wọn sì ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn wàásù. Àwọn kan ní ẹ̀ka mìíràn kò gbà, ohùn ẹnu wọn lásán ni wọ́n ń lò. Bí àwọn Terapanth bá jàre, ẹni tó ń fi sítóòfù oníná mànàmáná se ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè Kālodāyī, ó kéré tán nínú ilé ìdáná tirẹ̀. Èédú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ni Íńdíà ṣì fi ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná mànàmáná rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè rẹ̀ sì ni wọ́n ń dá iná náà tọ̀sán-tòru.